Kọ́ìnì tí màámi bá nínú àpò òkìrìkà

Ìyàwó wa ní Ilé-Ifẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ìyá ọkọ rẹ bá òkìrìkà lára ọmọ rẹ olóṣù mẹ́jọ, wọ́n bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í wọ aṣọ òkú òyìnbó fún ọmọ nílé àwọn. O wá ń béèrè bóyá kó o kó gbogbo rẹ̀ dànù. Má kó nǹkan kan dànù o. Má sì bá màmá jà. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ilé aláṣọ sì ni. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà ló máa ń di aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú láyé àtijọ́, wọ́n á tà á láwìn. Tó bá di ọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Aṣọ tuntun, tí ojú ìlà tí wọ́n ká a sí ṣì ń hàn lára rẹ̀, ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi. Nítorí náà, bí màámi bá rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òkìrìkà lọ́jà Atákúnmọ́sà, ńṣe ni wọ́n máa yínmú. "Ọmọ òṣómàáló kì í wọ àlòkù." Mo gbà wọ́n gbọ́ títí di ọdún 2015.

Ọdún yẹn ni owó oṣù ọkọ mi di ààbọ̀, ààbọ̀ náà kì í sì í tètè dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun nígbà náà ò nílò àlàyé. Ọmọ mẹ́ta, ìbejì wà nínú wọn, sòkòtò méjì ló ń kéré lẹ́ẹ̀kan náà. Ni mo bá ń wọ mọ́tò lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ní ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ lọ kí. Irọ́ ni. Òkìrìkà ni mò ń lọ rà, kí ojú ará Iléṣà má baà tó mi. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ ì bá ra sòkòtò kan sí i, mo mọ̀, síbẹ̀ mo ń san án. Bí mo bá rà á tán, inú náílọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá kan ni mo máa ń kó o sí. Náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo náà ni, mo máa ń ká a pa mọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màámi á ní, "Ìwọ yìí mọ aṣọ í yàn."

Ọjọ́ kan, wọ́n wá kí wa, wọ́n ń bá mi ká aṣọ lórí okùn. Sòkòtò jíǹsì Táyé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ àpò tíńtín tó máa ń wà nínú àpò ńlá, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí wò? Wọ́n tẹ ibẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n fi ìka méjì fa nǹkan yọ. Kọ́ìnì funfun kékeré kan ni, orí ọbabìnrin wà lára rẹ̀. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ìyá ìbejì, ṣé Táyé ti lọ Lọ́ńdọ̀nù dé láìdágbére fún wa ni?"

Mi ò lè fọhùn. Wọ́n dá kọ́ìnì náà padà sínú àpò, wọ́n ká sòkòtò náà dáadáa, wọ́n gbé e lé orí ìyókù. Wọn ò sọ ohunkóhun mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò sá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àní lọ́dún 2017, mo fẹ́ máa ta òkìrìkà. Èmi àti obìnrin méjì dáwó ra béèlì kan (béèlì aṣọ o, kì í ṣe ti ọlọ́pàá). Wọn kì í jẹ́ kéèyàn tú u wò kó tó sanwó. Ohun tí wọ́n bá kọ sí ara àpò lo máa gbà gbọ́. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n pè é. Nígbà tá a gé okùn rẹ̀, tó wú bí ìyẹ̀fun tó rí omi gbígbóná, kí la bá? Jákẹ́ẹ̀tì òtútù, àwọn tó nípọn bí tìmùtìmù, síìpù dé àgbọ̀n. Oṣù kẹta ọdún ni o, oòrùn ń pa ẹyẹ lójú ọ̀run. Ìkan nínú wa jókòó lé orí òkìtì yẹn, ó bú sẹ́kún. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbéra ní ìdájí ló gbà wá nígbà tí ọyẹ́ dé. A rí ojú owó wa, a ò rí èrè kankan. Mi ò tún dán an wò mọ́. Lọ́dún 2019 tí wọ́n wá ti ẹnubodè, tí iye béèlì fò sókè, mo dúpẹ́ pé mi ò sí nídìí ẹ̀: ìjọba ti ka aṣọ àlòkù mọ́ ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, Kútọnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà.

Ibi tá a ti ń tú béèlì yẹn ni mo ti kọ́ ohun tó o lè sọ fún màmá. Nílùú òyìnbó, bí aṣọ bá sú èèyàn, á kó o fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Èyí tí wọn ò bá rí tà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò á rà á ní ìwọ̀n kílò, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ti alààyè ló pọ̀ jù. Ti òkú lè wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwa náà ńkọ́? Ṣebí bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ máa ń pín agbádá rẹ̀. Ta ló ń pe ìyẹn ní aṣọ òkú? Aṣọ ìkókó gan-an ló tún mọ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tí ọmọ rẹ wọ̀ lóṣù mẹ́ta, ṣé ó ṣì gbà á? Aṣọ ìkókó kì í gbó, kíkéré ló máa ń kéré.

Àmọ́ tí màmá bá ní ẹ̀rù àìsàn ń ba àwọn, wọn ò jẹ̀bi. Má wọ̀ ọ́ láti ọjà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, oòrùn gidi, kó o wá lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Kòkòrò kúrúnà kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ láyé bí kò bá sí lára èèyàn. Ìdin tó wọ Kẹ́hìndé lára lẹ́ẹ̀kan, aṣọ tuntun ló ti kó o: mo sá a sórí koríko, eṣinṣin yé sí i, mi ò lọ̀ ọ́. Páńtì, bíráà àti ìbọ̀sẹ̀, mi ò rà wọ́n ní àlòkù láéláé. Bàtà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ po ná, torí gúlúù tó ti gbẹ kì í fi ara hàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ tèmi ṣí níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Kó o sì gbé abíyá àti ọrùn aṣọ síwájú oòrùn kó o tó náwó.

Tí o bá ti fọ̀ ọ́ lójú màmá, tí wọ́n ṣì kọ̀, fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọ́n á bá a yín ra tuntun. Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Tàbí kó o ní sùúrù di ìgbà ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́ ọdún tí màámi rí kọ́ìnì yẹn, wọ́n pè mí ní ìdájí, ohùn wọn ń gbọ̀n: "Níbi tó o ti ra sòkòtò Táyé yẹn, wọn ò ní súwẹ́tà níbẹ̀?" Mo ra aláwọ̀ èlùbọ́ kan tó ní bọ́tìnnì ńlá. Òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìsìn òwúrọ̀ títí di òní. Ẹni tó bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Èmi nìkan ni wọ́n sì bí.