Ṣé ọmọ mi ṣì lè wọ Nevi, báyìí tí ọkọ̀ ti ń dá jagun?

Ìbéèrè: Ẹ n lẹ́ o sà. Ìsánlú ni mo wà. Àwọn Nevi tó wà ní Lọ́kọ́ja wu ọmọ mi gan, ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bùrọ̀dá ẹ̀ ní ẹ̀rọ ló máa jagun lójú omi báyìí, wọn ò ní nílò èèyàn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yẹ kó kọ́?

Ìdáhùn: Okun o, màmá. Iṣẹ́ rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ni mo ṣe nínú ọkọ̀ ogun kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Kàbà, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára.

Bùrọ̀dá ẹ̀ ò parọ́ o. Ẹ wo Ukraine, wọn ò ní ọkọ̀ ogun ńlá, ni wọ́n bá lọ kan ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ò sí nínú ẹ̀, Magura V5, kò tó mítà 6, wọ́n di bọ́ǹbù sí i, òun ló gbá ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan, Tsezar Kunikov, tó gùn ju mítà 100 lọ, títí tó fi rì sínú Òkun Dúdú ní oṣù kejì 2024. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lókèèrè tó ń wo kámẹ́rà ẹ̀ tó ń wà á. Tí ọ̀tá bá ba sígínà tí ẹni yẹn fi ń wà á jẹ́ ló wá di pé kí ẹ̀rọ dá ronú, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń sáré lé báyìí. Iyọ̀ òkun sì ń jẹ wáyà, èèyàn ló ń tún un ṣe.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kíka ojú ẹ̀rọ. Ní 1988, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, Vincennes, yìnbọn lu báàlù Iran tó kó èrò, èèyàn 290 ló kú. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yẹn ní báàlù náà ń gòkè ni o, àwọn tó jókòó tì í ló ní ó ń já bọ̀ wá bá àwọn. Tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà sójú Ọya ní Lọ́kọ́ja lónìí, tó rí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan lóru, ta ló máa sọ fún un pé apẹja ni? Ẹni tó mọ odò yẹn ni.

Kó mú Físíìsì àti Máàsì le, kó kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́tíróníìkì, kó máa tú rédíò tó ti bàjẹ́ nílé wò. Fọ́ọ̀mù Nevi ò gba kọ́bọ̀ o màmá, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá, ẹ má dá a lóhùn.