Ẹ̀rù ni àbí ẹjọ́ ẹbí?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Kábbà ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àtàwọn àbúrò mi ń wo The Haunting of Hill House lórí Netflix, ẹ̀rù bà wá débi pé kò sẹ́ni tó lè dá jáde lọ tọ̀ lóru, àfi bí mo ṣe wá rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Ṣé fíìmù iwin nìyẹn ni àbí ti ẹbí?

Ìdáhùn: Okun, àbúrò mi. Méjèèjì ni jàre. Ọdún 2018 ló jáde, apá 10 ni, àwọn ọmọ ìdílé Crain márùn-ún ló sì dá lé. Tó bá jẹ́ iwin nìkan ló ń yọjú ṣáá, kò ní pẹ́ sú ẹ torí ara á ti máa retí ẹ̀. Wo apá kẹjọ (má bínú tó ò bá tíì débẹ̀ o), ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ń jà nínú mọ́tò lóru, ìwọ náà ti tẹ́tí sí ẹjọ́ wọn, o ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan, lojijì ni àbúrò wọn tó ti kú bá ta orí láàárín wọn láti ẹ̀yìn, ó figbe ta! Èmi da ẹ̀pà ọwọ́ mi nù. Ìjà yẹn ló gbà wá lọ́kàn tá ò fi rí i tó ń bọ̀.