Ọmọ mi ń ya fọ́tò, àmọ́ kò sí orí níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, ò jẹ́ kí n rí fóònù mi lò mọ́, fọ́tò ló ń yà ṣáá. Mo ní kó ya bàbá ẹ̀, ṣòkòtò àti ẹsẹ̀ ló yà. Mo ní kó ya èmi náà, ẹ̀yìn orí mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ló yà, bíi 12! Ní Sátidé tá a ń gúnyán, ó ya odó, gbogbo ẹ̀ wá rí bàìbàì bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo òkè Olósùnta. Mẹ́mọ́rì ti kún. Bàbá ẹ̀ ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, èmi ń rò ó pé ká kúkú ra kámẹ́rà fún un. Èwo ni ká ṣe?
Màmá Kámẹ́rà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Màmá Kámẹ́rà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má gba fóònù, ẹ má sì tíì ra kámẹ́rà, ẹ ṣì fowó yẹn ra iṣu.

Ọmọ tí orí ẹ̀ ò ju ìbàdí bàbá ẹ̀ lọ, kí lẹ fẹ́ kó rí tí kì í ṣe ṣòkòtò? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí orí wọ fọ́tò, bàbá ni kó jókòó sórí àpótí. Ẹ má bá a di fóònù mú o, torí àwọn òbí tó ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n á wá ní ọmọ ló yà á, wọ́n máa ń bí mi nínú.

Ti ẹ̀yìn orí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà yẹn? Kámẹ́rà Brownie ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, nígbà tó di 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, láti ẹ̀yìn ló ti ya púpọ̀ nínú wọn, kò sójú níbẹ̀ rárá, irun yẹn náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Brownie ọ̀hún, nígbà tí iléeṣẹ́ Kodak kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1900, dọ́là 1 péré ni, kí ọmọdé náà lè rí i lò. Torí náà kẹ́ ẹ tó dílíìtì 12 yẹn, ẹ bi í kí ló rí lórí yín.

Ọ̀rọ̀ odó ló gba àlàyé. Kámẹ́rà máa ń lajú kó lè gba ìmọ́lẹ̀ sínú ni, tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré bíi ti kíṣínì, á pẹ́ kó tó pajú dé, ohunkóhun tó bá sì mira láàárín ìgbà yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ odó, ì báà jẹ́ ọwọ́ ọmọ yín, á fà lọ gbọọrọ. Ẹ gbé odó síta. Kí ọmọ yín jìnnà díẹ̀ sẹ́ni tó ń gún iyán, kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì di fóònù, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì fólúùmù náà ń ya fọ́tò, ó sì rọ ìka kékeré lọ́rùn ju ti ojú skírìnnì lọ. Kó wá máa wo ọmọ odó: tó bá gòkè dé òpin, ó máa ń dúró fírí kó tó já bọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa pè é fún un, "ó ń lọ, ó ń lọ, tẹ̀ ẹ́!" Á kọ́kọ́ máa pẹ́ jù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ nu lẹ́ǹsì náà o, ọwọ́ tó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló ń fi dì í mú!

Lálẹ́, kẹ́ ẹ jọ jókòó, kó mú 3 tó wù ú jù, kó sọ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ dílíìtì ìyókù, kẹ́ ẹ sì kó o kúrò nínú Trash, ibi tí fóònù ń kó ohun tẹ́ ẹ dílíìtì sí, kí ààyè lè ṣí. Tó bá fẹ́ ya àgbàlagbà, kó kọ́kọ́ kí wọn, kó tọrọ àyè.

Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fún un ní àpótí àti iyán, ẹ ní kó má wo kámẹ́rà, kó máa jẹun ẹ̀ lọ.