Kí ló dé tí wọ́n fi ń tún ojúbọ Ise ní Jàpáàn kọ́ ní gbogbo ọdún 20?

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ wà lára ohun tó fà á. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ri òpó rẹ̀ mọ́, kò sí òkúta nísàlẹ̀. Igi hinoki tí wọn ò kùn ní ọ̀dà ni, koríko bíi bẹẹrẹ tiwa ni wọ́n sì fi bo òrùlé. Omi ilẹ̀ á máa wọ ìdí òpó títí tí yóò fi jẹrà.

Ọdún 690, láyé Ọbabìnrin Jitō, ni wọ́n kọ́kọ́ tún ojúbọ Amaterasu, òrìṣà oòrùn, tó wà ní Ise kọ́. Ilẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: tuntun á ti parí lórí ọ̀kan kí wọ́n tó gbé òrìṣà wọ ibẹ̀ lóru, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wó ti àtijọ́. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ọdún 20 tó kí ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, kó sì kọ́ ẹlòmíì, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ náà kì í kú. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé àti àìsówó dá àtúnkọ́ náà dúró láti 1462 dé 1585.

Igi àtijọ́ kì í ṣòfò. Òpó méjì tó dúró níta ní ìpẹ̀kun ilé, tó gbé òkè òrùlé ró, ni wọ́n fi ń ṣe torii, ìyẹn ẹnu ọ̀nà mímọ́, nídìí afárá Uji tí wọ́n ń gbà wọ ojúbọ náà. Ọdún 2033 ni àtúnkọ́ tó kàn.