Abẹ́rẹ́ 300 fún èèyàn 12,000: ta ni kó kọ́kọ́ jókòó?

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù. Ẹ ní bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá bẹ́ sílẹ̀ bíi ti kòrónà, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára 300 wá fún wọ́ọ̀dù tó ní èèyàn 12,000, ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú ẹni tí àrùn náà ń pa, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa dé lóòótọ́.

Àwọn arúgbó ni kòrónà pa jù. Ìdí nìyẹn tí Britain fi pe àwọn tó ń gbé nílé ìtọ́jú arúgbó àti àwọn tó ń tọ́jú wọn síwájú, tí ẹni ọdún 80 sókè àti òṣìṣẹ́ ìlera tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹni ọdún 75, sí 70. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀fìnkìn ẹlẹ́dẹ̀ jà lọ́dún 2009, aláboyún àti ọmọdé wà lára àwọn tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ pè, torí àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré ló ń mú jù. Bó bá jẹ́ Ebola ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ orí kò wọ̀ ọ́ rárá: ẹni tó fara kan aláìsàn, àti ẹni tó fara kan ẹni yẹn, ni wọ́n ń wá kiri.

Ọgbọ́n ti Ebola yẹn, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti lò ó dáadáa. Ní Oṣù Kejìlá 1966, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ lágbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn, àjẹsára tó wà lọ́wọ́ dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò sì kárí. Wọ́n lo rédíò tí àwọn míṣánnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí kálukú rán èèyàn lọ sí àwọn abúlé tó yí i ká, kí wọ́n wò ó bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí ìgbóná ń ṣe. Abúlé tí ìgbóná bá wà ni wọ́n kọ́kọ́ gún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ro ibi tí ọjà àti ìbátan máa gbé àrùn náà dé, wọ́n sì ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gún gbogbo ìlú. Nítorí náà, bí àrùn tó dé bá jẹ́ èyí tó ń hàn lára kí ó tó ràn, ẹ wá ilé tí àrùn náà wà kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó dàgbà jù.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kejì wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹta 2021, abẹ́rẹ́ kòrónà AstraZeneca tó tó mílíọ̀nù 3.94 balẹ̀ sí Àbújá láti ọ̀dọ̀ COVAX, ètò àgbáyé tó pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Méjì ni ẹnì kan ń gbà, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ló sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò tó mílíọ̀nù méjì èèyàn, nínú orílẹ̀-èdè tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Kò pẹ́ tí India, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, dá fífi ránṣẹ́ sí òkè òkun dúró, ni NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, bá ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dúró bí wọ́n bá ti lo ìdajì, kí èyí tó kù lè jẹ́ abẹ́rẹ́ kejì. Britain gún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sún èkejì sí ọ̀sẹ̀ 12, torí ó dá wọn lójú pé òmíràn ń bọ̀. Bí kò bá dá ẹ̀yin lójú, èèyàn 150 ni 300 yín. Iye tí ẹ máa kọ sórí ìwé nìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ “òṣìṣẹ́ ìlera.” Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé kí wọ́n ṣíwájú, torí bí nọ́ọ̀sì bá dùbúlẹ̀, ta ló máa gún ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ọ́fíìsì kọ orúkọ wá, akọ̀wé owó tó ń jókòó sídìí tábìlì máa ṣíwájú obìnrin tó ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí, torí orúkọ akọ̀wé wà nínú ìwé owó oṣù, ti obìnrin yẹn kò sí níbẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2020, ilé ìwòsàn Stanford ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹni tó máa gba abẹ́rẹ́ kòrónà 5,000 àkọ́kọ́. Nínú àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n lé ní 1,300, tí wọ́n sì ń wà lọ́dọ̀ aláìsàn tọ̀sán-tòru, méje péré ló bọ́ sí i. Ọjọ́ orí àti ẹ̀ka iṣẹ́ ni ìṣirò náà ń wò. Àwọn wọ̀nyí kéré lọ́jọ́ orí, wọn kò sì jókòó sí ẹ̀ka kan. Ẹ má bèèrè ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í pé: ta lò ń fọwọ́ kàn, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ṣé inú yàrá ni àbí ìta? Olùgbálẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣúárì, awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn àti agbẹ̀bí ìbílẹ̀ máa jáde níbẹ̀. Alákẹ́mísì pàápàá, ẹ má fojú fò ó; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ gbóná máa ń kọ́kọ́ yà sí.

Àwọn olóyè àti olóṣèlú máa dé. Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, àti igbákejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣinbajo, gbà á lójú tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹta 2021, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀, torí ẹ̀rù ń ba ará ìlú. Bàálẹ̀ kan, ìmáàmù kan, pásítọ̀ kan, ìyálọ́jà kan, ní gbangba, ó tó. Ìyàwó wọn àti awakọ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Ní Peru, ní Oṣù Kejì 2021, ó tú síta pé èèyàn 487 ti gbà á ní bòókẹ́lẹ́, ààrẹ àná àti mínísítà ìlera wà lára wọn. Mínísítà náà fipò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kì í tètè padà.

Èyí tó kù lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, bí àrùn náà bá jẹ́ irú kòrónà, ti àgbà ni, láti orí ẹni tó dàgbà jù, kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ má torí kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ pín in ní agbolé-agbolé. Agbolé tó ní arúgbó mẹ́jọ kò bá èyí tó ní méjì dọ́gba. Ẹ má sì dúró de ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, nítorí ọ̀dọ́ tó ní fóònù ló máa kún un. Ẹ gbé ìwé kiri ilé. Ìyá tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ bi wọ́n pé, “Mà, nígbà tí náírà dé lọ́dún 1973, ṣé ẹ ti lọ́kọ?” Ẹni tó ti ń fi ṣílè ra ọjà fúnra rẹ̀ kí náírà tó dé ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí ẹni méjì bá dọ́gba pátápátá, tó sì ku ẹyọ kan, ẹ ṣẹ́ kèké lójú gbogbo èèyàn.

Ìgò ló wá kù. Nígbà kòrónà, ìgò AstraZeneca kan máa ń gún èèyàn mẹ́wàá, ìdajì mílílítà fún ẹnì kan, wákàtí mẹ́fà péré ló sì ní lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá ti wọ inú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ aago tó ṣí i sára ìgò, kì í ṣe sínú ìwé nìkan. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mẹ́rin ṣẹ́ kù nínú ìgò, àga ṣófo, nọ́ọ̀sì sì ń wo ẹnu ọ̀nà: àkókò yẹn ni àbúrò ọ̀gá máa ń gba ti èèyàn mìíràn. Kẹ́ ẹ má baà rí ìyẹn, ẹ ti kọ orúkọ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kàn nínú ètò sílẹ̀, tí ilé wọn kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn tàbí ti ọmọ wọn. Láti aago kan, ẹ má ṣí ìgò tuntun àfi bí ẹni mẹ́jọ bá ti jókòó.

Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á. Ní Oṣù Kejìlá 2021, abẹ́rẹ́ 1,066,214 tí ọjọ́ wọn ti kọjá ni wọ́n bà jẹ́ ní Gosa, l'Ábùújá. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n dé. Bí tiyín bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn àgbà kò sì tíì jáde tán, ẹ lọ bá wọn nílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá gbà á. Lálaalẹ́, ẹ fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó níta: ìgò tí ẹ ṣí, èèyàn tí ẹ gún, èyí tó ṣòfò.