Ibi Iṣẹ́ Rẹ Àti Ti Ọkọ Rẹ Jìnnà Síra: Níbo Ni Kí Ẹ Gbé?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú kálàmù. O ní ọdún 3 rèé tí ẹ ti ṣègbéyàwó, ọmọ yín sì ti pé oṣù 14. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, aago 7 òwúrọ̀ lo gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ òru ni. Oníṣirò owó ni ọkọ rẹ ní ìlú mìíràn. Ìṣẹ́jú 10 péré ni láti ilé yín dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ ń fi wákàtí kan àbọ̀ wa ọkọ̀ lọ, o ń fi wákàtí kan àbọ̀ wà á bọ̀. Oṣù 4 ló kù kí owó ilé yín tó tán, ọkọ rẹ sì ti dá a lábàá pé kí ẹ kó lọ sí agbedeméjì ìlú méjèèjì kí ìyà náà lè kárí. O wá bi mí pé ṣé kí o gbà bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kí o kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé owó oṣù tirẹ̀ ló pọ̀ jù.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, nítorí pé àárẹ̀ àti àìsùn ló ń bá ọ béèrè ìbéèrè yẹn, kì í ṣe ìwọ tí o lo ọdún púpọ̀ láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ti owó oṣù ọkọ rẹ, bó ti wù kó pọ̀ tó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ ń gbé nítòsí tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ agbedeméjì gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, nítorí pé ó dà bí ìdájọ́ òdodo lójú, ó sì hàn sí mi pé ọkọ rẹ kò fi èrò ibi mú un wá. Ṣùgbọ́n jíjìn ọ̀nà ni agbedeméjì ń pín sí méjì; kò ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò tọ ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Níbi tí ẹ wà báyìí, wákàtí 15 lo ń lò lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀, wákàtí 1 ni ọkọ rẹ ń lò ní ọjọ́ 3 tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Bí ẹ bá kó lọ sí agbedeméjì, tó sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 7 àbọ̀ ni ìwọ yóò máa lò, òun yóò máa lo wákàtí 4 àbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12. Bí ilé yín bá wá wà ní ìṣẹ́jú 10 sí ilé ìwòsàn rẹ ńkọ́? Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40 ni tìrẹ, wákàtí 9 ni ti ọkọ rẹ, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì pé 11. Agbedeméjì tí ẹ rò pé yóò dín ìyà kù yóò gba àkókò lọ́wọ́ yín ju kí ẹ sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ lọ.

Àkókò nìkan kọ́. Bí ẹ bá wà lágbedeméjì, tí ara ọmọ yín sì gbóná ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì lọ síbi iṣẹ́, kò sí òbí kankan tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 45 tó pé. Mo mọ bí ó ti máa ń rí. Ọdún 2 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbé ní irú ibẹ̀ nígbà tí a ṣì kéré. A kì í tètè délé, a kò mọ aládùúgbò kankan tí a lè fi ọmọ tì fún wákàtí kan, àwa méjèèjì sì máa ń wọlé pẹ̀lú ìbínú ọ̀nà lójú. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó sinmi.

Ohun kan tún wà tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ, tí o sì kàn sọ ọ́ kọjá lọ, ìyẹn ni pé ìwọ fúnra rẹ lo ń wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 sí 19 a máa lọ́ra, a sì máa ṣe àṣìṣe, bí ẹni tí ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ibi tí òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò ti gbà á láyè láti wa ọkọ̀. Ọkọ rẹ tó jí ní òwúrọ̀ lẹ́yìn oorun gidi lè fara da wákàtí kan àbọ̀. Ìwọ tí o jáde níbi iṣẹ́ òru kò gbọ́dọ̀ máa dán an wò. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí ẹ kó lọ sí tòsí ilé ìwòsàn rẹ.

N kò sọ pé yóò rọrùn fún ọkọ rẹ. Erika Sandow, olùwádìí kan ní Sweden, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014 pé láàárín àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ń rìn jìnnà lọ síbi iṣẹ́, ewu ìpínyà fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé àwọn ọdún àkọ́kọ́ ló nira jù. N kò mú un wá láti dẹ́rù bà ọ́. Mo mú un wá kí o lè mọ̀ pé ẹni tó bá gba ọ̀nà jíjìn yẹ ní ìtọ́jú. Ní ọjọ́ 3 tí ọkọ rẹ bá jáde, má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ilé dúró dè é lálẹ́. Ní ọjọ́ 2 tó bá wà nílé, kí ó gbé ọmọ lọ síbi ìtọ́jú ọmọ, kí ó sì gbé e bọ̀, kí ìwọ náà lè mí.

Kí ẹ tó san owó ilé kankan, ẹ béèrè bóyá ọjọ́ 2 tí ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́ láti ilé wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá lásán ni. Bí ọ̀gá bá lè fagi lé e lọ́la, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe yìí yí padà, agbedeméjì sì lè padà di ohun tó bójú mu. Kí ọkọ rẹ tún wa ọkọ̀ tọ ọ̀nà náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní àkókò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa ń wà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kò lè fi òótọ́ hàn án. Bí ẹ bá sì rí ilé tó tóbi tí owó rẹ̀ kò wọ́n níbi tó jìnnà sí ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣọ́ra. Bruno Frey àti Alois Stutzer, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì wò, wọ́n sì rí i ní ọdún 2008 pé bí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ènìyàn bá ṣe gùn tó ni ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ ń dín kù tó. Ilé tó dára jù tàbí owó oṣù tó ga jù kò tó fi dí i.

Ọdún kan péré ni kí ẹ gba ilé náà fún, kí ẹ sì mú ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ bá ti lo oṣù 9 níbẹ̀, tí ẹ ó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọkọ rẹ bá sọ nígbà náà pé ọ̀nà ń pa òun, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n gẹ́gẹ́ bí tìrẹ ti tẹ̀wọ̀n lónìí.

Má ṣe dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní alẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Gba ìwé àkókò iṣẹ́ rẹ ti oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o fi àmì sí gbogbo òru tó wà níbẹ̀, kí o sì gbé e síwájú ọkọ rẹ ní ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bá sinmi.