Kí Ni Awalẹ̀pìtàn Ń Wá Nílé-iṣẹ́ Mọ́tò Tó Ti Kógbá Sílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn awalẹ̀pìtàn ń ṣèwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò tó ti kógbá sílé nílùú Detroit, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-Ifẹ̀ àti irú àwọn ìlú àtayébáyé bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ń walẹ̀. Kí ni ilé-iṣẹ́ tí kò tíì pé igba ọdún fẹ́ sọ tí ìwé kò tíì sọ? — Òǹkàwé yín láti Ọ̀jọ́, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ohunkóhun tí ènìyàn bá kọ́, tó lò, tó sì fi sílẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn lè fi ṣe ẹ̀rí, ìbáà jẹ́ ti àná. Ní Detroit, ara ilé gan-an ni ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Albert Kahn, ayàwòrán ilé, ya àwòrán ilé kẹwàá fún ilé-iṣẹ́ mọ́tò Packard ní 1905, kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ ló lò, èyí tó jẹ́ kí àyè fẹ̀ láàárín òpó, kí fèrèsé sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n alájà púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà. Láti 1913 tí Ford ti ń to mọ́tò bí ó ti ń rìn lọ níwájú òṣìṣẹ́ ní Highland Park, ìlú kékeré tí Detroit yí ká, ilẹ̀ títẹ́jú tó gùn lọ bẹẹrẹ ni iṣẹ́ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ̀yìn ìlú sì ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà, iṣẹ́ ti ń fi àárín Detroit sílẹ̀ kí mọ́tò Jàpáàn tó gbòde. Packard dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní 1956. Àwọn tó ń ṣa irin tà tú wáyà àti páìpù rẹ̀ lọ, ìjọba ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 2022. Ojú ihò tí wọ́n ti fa wáyà yọ lára ògiri náà jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àwọn kan fi ń jẹun lẹ́yìn tí iṣẹ́ lọ tán.

Ọ̀rọ̀ Poletown, àdúgbò kan ní Detroit, ló dùn mí jù. Ní 1981, ìjọba Detroit fi agbára òfin gba ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní 4,000, wọ́n wó ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù, kí General Motors lè rí ilẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun. Wọn kò hú Beth Olem, itẹ́ òkú àwọn Júù, tó ti wà níbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ mọ́tò tó dé. Ó ṣì wà láàárín ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, ògiri yí i ká, ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣí i fún àwọn tó fẹ́ bẹ ibojì ẹbí wọn wò. Ìwé ilé-iṣẹ́ a máa ka iye mọ́tò tó jáde. Ẹni tó gbé máàpù àtijọ́ lé ti ìsinsìnyí ló ń rí òpópónà tí a pa rẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ní tiyín ní Ọ̀jọ́, 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì: Ìjàpá (ìyẹn Beetle), àti Igala tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti Brazil wá. Àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ti di àgbà. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ọgbà náà fún yín: ibi tí wọ́n ti ń tú àpótí ẹrù, ibi tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà, àti ibi tí àwọn olóúnjẹ máa ń jókòó sí lẹ́nu géètì.